Etí Tó Ń Gbọ́ Ìrìn Ẹ̀jẹ̀: Iṣẹ́ Síkáànì Iṣan àti Bí Ẹni Tó Ń Ṣe É Ṣe Ń Dàgbà Nínú Rẹ̀

Yàrá náà ṣókùnkùn díẹ̀. Ọmọ ọdún méje kan dùbúlẹ̀ lórí ibùsùn, ìyá rẹ̀ jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Aṣàyẹ̀wò fi jẹ́ẹ̀lì tútù pa ẹ̀bátí ọmọ náà, ó gbé próòbù lé e, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ojú kan ṣoṣo tí eegun orí ti fẹ́lẹ́ débi tí ìró lè gbà á kọjá. Ó yí ọwọ́ síwájú díẹ̀, ó dá a padà, ó tún yí i sókè. Lójijì ni ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dún: fùú, fùú, fùú, bí ìgbà tí alágbẹ̀dẹ bá ń fẹ́ ẹwìrì. "Ọkọ mi, má mi orí o, a ti fẹ́ parí," ni aṣàyẹ̀wò wí. Ẹ̀jẹ̀ tó ń sáré gba inú ọpọlọ ọmọ náà kọjá ló ń dún yẹn.

Bó ṣe máa ń rí nìyí fún ọmọ tó ní àrùn fòní-kú-fọ̀la-dìde. Nọ́ńbà kan ni gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá ń dúró dè. Bí eré tí ẹ̀jẹ̀ ń sá nínú àwọn iṣan ńlá ọpọlọ kò bá tó 170 sẹ̀ǹtímítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ọkàn balẹ̀. Bó bá wà láàárín 170 sí 199, wọ́n á máa ṣọ́ ọmọ náà lójú méjèèjì. Bó bá pé 200 tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, rọpárọsẹ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ọmọ náà lè ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi bọ́ọ̀lù dé, kí ibì kankan má ro ó lára.

Robert Adams àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ló fi ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ nọ́ńbà yìí múlẹ̀. Nínú ìwádìí tí wọ́n pè ní STOP, wọ́n kó 130 ọmọ tí eré ẹ̀jẹ̀ wọn ti pé 200 jọ. Wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ sí bí ìdajì wọn lára déédéé, wọ́n sì ń tọ́jú àwọn yòókù bí wọ́n ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa ka iye, rọpárọsẹ̀ ti mú ọmọ 11 nínú àwọn tí wọn kò fa ẹ̀jẹ̀ sí lára. Nínú àwọn tó ń gba ẹ̀jẹ̀, ọmọ kan péré ni. Wọ́n dá ìwádìí náà dúró kí ọjọ́ tí wọ́n dá fún un tó pé, nítorí kò tọ́ mọ́ láti máa fi ìtọ́jú yẹn du àwọn tó kù. Ọdún 1998 ni àbájáde rẹ̀ jáde.

Kò sí orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń bí ọmọ tó ní àrùn yìí tó Nàìjíríà. Iye tí àwọn onímọ̀ máa ń fojú bù ni 150,000 lọ́dọọdún. Nǹkan bí 11 nínú 100 ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ SS ni rọpárọsẹ̀ máa ń mú kí wọ́n tó pé ẹni ogún ọdún bí wọn kò bá rí ìtọ́jú tó lè dènà rẹ̀; ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà kí síkáànì yìí tó dé ló fi èyí hàn. Ṣùgbọ́n fífa ẹ̀jẹ̀ sára lóṣooṣù kò rọrùn níbi tí ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ ti ṣòroó rí. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣègùn ọmọdé ní UCH Ìbàdàn, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ìkẹ́olúwa Lágúnjú jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú wọn, fi gbájú mọ́ oògùn hydroxyurea. Wọ́n ń fún àwọn ọmọ ní oògùn náà, wọ́n ń fi síkáànì ṣọ́ eré ẹ̀jẹ̀ wọn, wọ́n sì rí i pé eré náà ń lọ sílẹ̀. Ní Kano àti Kaduna, àwọn oníṣègùn Nàìjíríà àti ti Amẹ́ríkà ti jọ ṣe ìwádìí ńlá lórí oògùn kan náà. Ní Ìdí-Àràbà l'Ékòó, Sickle Cell Foundation Nigeria náà ń ṣe síkáànì ọpọlọ yìí fún àwọn ọmọdé. Ìlànà àwọn onímọ̀ ẹ̀jẹ̀ ní Amẹ́ríkà ni pé kí wọ́n máa ṣe é lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, láti ìgbà tí ọmọ bá ti pé ọdún méjì títí tó fi máa pé 16.

Gbogbo rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà 200 kì í fò jáde látinú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ọwọ́ ẹnì kan ló ń wá a kàn. Ìró tí próòbù ń rán jáde gbọ́dọ̀ dojú kọ ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà bọ̀ gan-an. Bí ọwọ́ bá yà sí ẹ̀gbẹ́, nọ́ńbà á wálẹ̀. Bó bá yà tó 40 dígírì, ọmọ tó wà ní 205 á jáde bí ẹni tó wà ní 157. Wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí ewu, ìyá á dúpẹ́, wọ́n á máa lọ sílé. Ohun tó sì burú jù nínú rẹ̀ ni pé àṣìṣe yìí kì í gbé nọ́ńbà sókè rí. Sísàlẹ̀ ló máa ń fà á sí, síbi tí kò ti ní dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni.

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí wà fún nìyí. Nígbàkúùgbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ kan tàbí ẹni olówó kan bá ta ilé ìwòsàn lọ́rẹ, ẹ̀rọ ni wọ́n máa ń gbé síwájú kámẹ́rà. Wọ́n á gé ríbọ́ọ̀nù, wọ́n á pàtẹ́wọ́. Ẹni tó máa di próòbù mú kì í sí nínú fọ́tò. Bẹ́ẹ̀, láìsí ẹni náà, pákó lásán tí iná ń tàn lára rẹ̀ ni ẹ̀rọ yẹn. Ìgbésí ayé ẹni yẹn lẹ́nu iṣẹ́, bó ṣe kọ́ ọ, bó ṣe ń gòkè, ohun tó ń jẹ ẹ́ lára, ló ń sọ bóyá síkáànì náà á gba ẹ̀mí là tàbí kò ní gbà á.

Bí èèyàn bá dárúkọ síkáànì ní ọjà Bódìjà, aboyún ni ọkàn gbogbo ènìyàn máa lọ sí. Síkáànì iṣan yàtọ̀. Ohun tó dúró sójú kan ni síkáànì aboyún sábà ń wò: orí ọmọ, egungun itan rẹ̀, ibi tí ibi ọmọ jókòó sí. Ohun tó ń rìn ni síkáànì iṣan ń lé. Iṣan àlọ ń gbé ẹ̀jẹ̀ kúrò nínú ọkàn lọ sí gbogbo ara, iṣan àbọ̀ ń gbé e padà. Àwọn méjèèjì ni aṣàyẹ̀wò ń tọ̀ láti ọrùn dé ọmọ ìka ẹsẹ̀.

Ìtàn ọ̀nà tí wọ́n gbà mọ̀ ọ́n dùn. Ní ọdún 1842, Christian Doppler, ọmọ Salzburg tó ń kọ́ni ní Prague, sọ pé bí ohun tó ń mú ìmọ́lẹ̀ tàbí ìró wá bá ń sún mọ́ni, ìgbì rẹ̀ á sún kì, bó bá ń lọ, á tú ká. Ìràwọ̀ ló ń rò nígbà tó ń kọ ọ́. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìgbà náà, Buys Ballot, ará Netherlands, kó àwọn afùnfèrè sínú ọkọ̀ ojú irin nítòsí Utrecht, ó sì to àwọn olórin tí etí wọn mọ ohùn sí ẹ̀gbẹ́ ojú irin. Bí ọkọ̀ ṣe ń bọ̀, ohùn fèrè ga. Bó ṣe kọjá, ohùn náà wálẹ̀. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kí ẹnikẹ́ni tó lo ọgbọ́n yìí fún ara ènìyàn: Shigeo Satomura ní Osaka ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní àwọn ọdún 1950. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Eugene Strandness, oníṣẹ́ abẹ ní Yunifásítì Washington ní Seattle, àti àwọn ẹnjiníà tó bá a ṣiṣẹ́, so àwòrán iṣan pọ̀ mọ́ ìró ẹ̀jẹ̀ lórí ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Ní àárín àwọn ọdún 1970, ẹ̀rọ náà ti jáde. Duplex ni wọ́n ń pè é, orúkọ náà sì ni wọ́n ń pè é títí dòní.

Ẹni tó bá mọ dùndún ti mọ ìdajì ohun tí aṣàyẹ̀wò ń gbọ́. Bí onílù bá fún ọṣán pọ̀, ohùn á lọ sókè. Bó bá tú u, ohùn á wálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni iṣan tó ti fún. Níbi tí ọ̀rá ti lẹ̀ mọ́ ògiri rẹ̀ tí ọ̀nà sì há, ẹ̀jẹ̀ ní láti sáré kó tó lè kọjá, bí omi tí ọmọdé fi àtàǹpàkò dí ẹnu róbà rẹ̀. Eré yẹn ló ń gbé ohùn ẹ̀rọ sókè. Iṣan ẹsẹ̀ tó dá ṣáṣá máa ń dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú ìlù ọkàn kan: ìró ńlá, ìró kékeré tó ń padà sẹ́yìn, ìró kékeré mìíràn. Èyí tó ti ń kú lọ á máa hó gbuurugbu, bí omi tó ń ti abẹ́ afárá jáde. Àwọn àgbà lẹ́nu iṣẹ́ yìí máa ń ti ìró dá àrùn mọ̀ kí wọ́n tó gbé ojú sókè wo àwòrán. Ìlù ni àwọn ọmọ Yorùbá ti ń gbọ́ bí ẹni gbọ́ ọ̀rọ̀ láti kékeré. Ó yẹ kí olùkọ́ tó ń kọ́ wọn ní iṣẹ́ yìí níbí rántí rẹ̀, kó dẹ́kun fífi grafù nìkan ṣàlàyé.

Ohun tí ọjọ́ kan ń gbé wá sí tábìlì rẹ̀ kò lópin. Bàbá kan tí ọwọ́ òsì rẹ̀ kú fún ogún ìṣẹ́jú ní àná tó sì jí padà, wọ́n ní kí wọ́n wo iṣan ọrùn rẹ̀. Bí eré ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀ bá ti kọjá 125 sẹ̀ǹtímítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá, iṣan náà ti fún tó ìdajì. Bó bá kọjá 230, ó ti fún tó ìdá 70 nínú 100, oníṣẹ́ abẹ sì gbọ́dọ̀ gbọ́. Ìyálọ́mọ tó bímọ ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ẹsẹ̀ kan wú, èkejì kò wú. Fún un, aṣàyẹ̀wò á máa fi próòbù tẹ iṣan àbọ̀ láti orí itan wálẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Iṣan tó dá á pa pọ̀ bí àpò òfìfo. Èyí tí ẹ̀jẹ̀ ti dì sínú rẹ̀ kò ní pa pọ̀, bó ti wù kó tẹ̀ ẹ́ tó. Ìdánwò tó rọrùn tó báyìí ló ń yọ obìnrin náà lọ́wọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì tó lè já lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀.

Ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ ń fẹ́ àlàyé tó gùn díẹ̀, nítorí òun ni wọ́n ń gé jù. Egbò kékeré ló máa ń bẹ̀rẹ̀, bí èyí tí bàtà fi ha ni. Kò jinná. Ó dúdú. Àwọn ẹbí á ní ó tẹ nǹkan, wọ́n á gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n wò, oṣù méjì á lọ. Nígbà tó bá fi máa dé ilé ìwòsàn, ọ̀rọ̀ ayùn ló kù. Aṣàyẹ̀wò iṣan ní irinṣẹ́ kan tí kò wọ́n rárá fún ẹsẹ̀ yìí: bẹ́líìtì tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá àti próòbù Doppler kékeré tí wọ́n lè fi sápò. Ó á wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ní ọrùn ẹsẹ̀, ó á wọn ti apá, ó á fi ti apá pín ti ẹsẹ̀. Ẹni tó dá, méjèèjì á fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Bó bá jẹ́ 0.9 tàbí tó kéré jù bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kò dé ẹsẹ̀ bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n iṣan alátọ̀gbẹ máa ń le bí igi, bẹ́líìtì kò sì ní lè tẹ̀ ẹ́ pa, nọ́ńbà á wá ga ju 1.3 lọ, kó máa tan ẹni tí kò gbọ́n jẹ. Ẹni tó gbọ́n á sọ̀kalẹ̀ lọ sí ọmọ ìka ẹsẹ̀, ibẹ̀ ló ti máa wọ̀n ọ́n. Ìgbà tí ìlú bá ní irú àwọn bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ilé ìwòsàn àtọ̀gbẹ, wọ́n á lè mọ ẹsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ kò dé kí ayùn tó dé.

Àwọn tí kíndìnrín wọn ti dáṣẹ́ sílẹ̀ náà wà níbẹ̀. Kí wọ́n tó lè máa fọ ẹ̀jẹ̀ wọn fún ọdún púpọ̀, oníṣẹ́ abẹ sábà máa ń so iṣan àlọ kan mọ́ iṣan àbọ̀ ní apá, iṣẹ́ abẹ tí àwọn dókítà Brescia àti Cimino sọ di mímọ̀ ní 1966. Aṣàyẹ̀wò ló ń yan iṣan tó fẹ̀ tó, òun ló sì ń sọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bóyá ó ti gbó: kí ẹ̀jẹ̀ tó ń gba inú rẹ̀ tó 600 mílílítà ní ìṣẹ́jú kan, kí inú rẹ̀ fẹ̀ tó mílímítà 6, kó má sì jìn ju mílímítà 6 lọ sábẹ́ awọ. Ẹni tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ kò lè gbàgbé ẹni tó rí iṣan yẹn fún un.

Báwo wá ni ẹnì kan ṣe ń di irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti tẹ́ ọ̀nà náà tipẹ́. Àjọ ARDMS tó ń dán àwọn oníṣẹ́ síkáànì wò bẹ̀rẹ̀ ní 1975. Ní 1977 ni àwọn tó ń ṣe ti iṣan dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Society for Vascular Ultrasound lónìí. Ẹni tó bá kọ́ iṣẹ́ náà á ṣe ìdánwò méjì. Ọ̀kan wà lórí bí ìró ṣe ń ṣiṣẹ́ àti bí ẹ̀rọ ṣe ń kà á, ìyẹn sì ni púpọ̀ nínú wọn ń bẹ̀rù. Èkejì wà lórí iṣan fúnra rẹ̀. Bó bá yege, á máa kọ RVT sí ẹ̀yìn orúkọ rẹ̀. Wọn kò sì ní jẹ́ kó sùn lé e: láàárín ọdún mẹ́ta mẹ́ta, ó gbọ́dọ̀ kó wákàtí ẹ̀kọ́ tuntun 30 jọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, orúkọ náà á bọ́. Láti ibẹ̀, ọ̀nà pín. Ẹlòmíràn á di olórí yàrá àyẹ̀wò, ẹlòmíràn olùkọ́, ẹlòmíràn á lọ máa ran ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ lọ́wọ́ láti kọ́ àwọn oníbàárà, ẹlòmíràn á wọnú ìwádìí. Ilé àyẹ̀wò tó bá fẹ́ kí àjọ IAC fọwọ́ sí òun gbọ́dọ̀ máa fi èsì síkáànì rẹ̀ wé ohun tí ẹ̀rọ àyẹ̀wò mìíràn tàbí oníṣẹ́ abẹ rí. Nínú gbogbo ohun tí Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀, èyí ló yẹ kí àwọn tó wà níbí kọ́kọ́ jí wò. Kò gba owó ńlá, ìwé àkọsílẹ̀ kan àti ìgboyà ló ń fẹ́.

Ọ̀nà ti Britain yàtọ̀. Ẹni tó ti gba oyè yunifásítì nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì lè wọlé sí ètò ọdún mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní STP. Wọ́n á máa san owó oṣù fún un ní ilé ìwòsàn, á máa ṣe iṣẹ́ síkáànì lábẹ́ àgbà, á sì máa ka ìwé fún oyè kejì pẹ̀lú. Nígbà tó bá parí, á forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ HCPC gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ìṣègùn. Ẹgbẹ́ àwọn aṣàyẹ̀wò iṣan ilẹ̀ náà tún ní ìdánwò tirẹ̀. Ètò ọdún márùn-ún mìíràn wà fún ẹni tó bá fẹ́ dé ipò onímọ̀ àgbà tí àwọn dókítà ń wá gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilẹ̀kùn kékeré kan wà fún ẹni tí kò lọ yunifásítì. Gbogbo ọkùnrin tó bá ti pé ọdún 65 ní England ni wọ́n ń kọ̀wé sí pé kó wá wo iṣan ńlá inú ikùn rẹ̀, bóyá ó ti ń wú bí fèrè ọmọdé. Bó bá ti fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 3, wọ́n á máa ṣọ́ ọ. Bó bá tó 5.5, ó di ti oníṣẹ́ abẹ. Àwọn tó ń ṣe síkáànì yẹn gba ẹ̀kọ́ pàtàkì fún iṣẹ́ kan ṣoṣo náà, púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe oníyunifásítì. Bàbá Yorùbá tó ń gbé ní Peckham tó bá ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà á gba lẹ́tà náà ní ọdún tó bá pé 65. Kó má sọ ọ́ nù. Síkáànì náà kò dun ni, ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń gbà.

Ní Nàìjíríà, ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí máa ń gba ẹnu ọ̀nà mìíràn wọlé. Ó lè jẹ́ dókítà tó kọ́ nípa àwòrán inú ara, ó sì lè jẹ́ onírediógíráfì: ọdún márùn-ún ní yunifásítì, ọdún kan fún ìkọ́ṣẹ́ ní ilé ìwòsàn, kó tó lọ sin ilẹ̀ baba. Àjọ RRBN tí òfin dá sílẹ̀ ní 1987 ló ń forúkọ àwọn onírediógíráfì sílẹ̀. Síkáànì iṣan wà nínú ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀ka kékeré ni. Àwọn tó mọ̀ ọ́n dáadáa, lẹ́yìn ilé ìwé ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n: ẹ̀gbẹ́ àgbà kan tó fàyè gbà wọ́n, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta nínú hòtẹ́ẹ̀lì, tàbí ìwádìí tí àwọn òkèèrè náwó sí. Nígbà tí ìwádìí náà bá parí, owó á tán, ẹni tó kọ́ṣẹ́ á padà sí síkáànì aboyún tàbí kó wọ bàálù. Àìbìkítà tó ń dun ni nìyẹn, torí ọdún méjì mẹ́ta ni wọ́n fi kọ́ ọwọ́ yẹn.

Awuyewuye tó ń lọ lórí ẹni tó yẹ kó di próòbù mú, dókítà ni àbí onírediógíráfì, ti pẹ́, kò sì tíì tán. Olúkúlùkù ní ẹjọ́ tó ń rò. Ní ti òǹkọ̀wé yìí, ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n bi ẹnikẹ́ni tó bá gbé próòbù lé ọrùn ènìyàn ni pé: ìgbà mélòó lo ti ṣe é, ta ló wò ọ́ nígbà tí o ń ṣe é, kí ló sì ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí o kọ èsì fún? Ọmọ tó ní fòní-kú-fọ̀la-dìde kò mọ àwọ̀ aṣọ tí ẹni tó ń wọn ẹ̀jẹ̀ òun wọ̀.

Ọ̀dọ́ tó bá gbọ́ gbogbo èyí tí ọkàn rẹ̀ ṣì ń fà sí i kò gbọ́dọ̀ dúró de ìgbà tí ètò tó pé máa délẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ yẹ kó ní ni ìwé ńlá aláwọ̀ líle kan. Gbogbo àyẹ̀wò tó bá ṣe, kó kọ ọ́ síbẹ̀: ohun tó rí, nọ́ńbà tó wọ̀n, ohun tó rò pé ó jẹ́. Kó fi àyè sílẹ̀ ní apá ọ̀tún fún ohun tí oníṣẹ́ abẹ bá nígbà tó ṣí i, tàbí ohun tí ẹ̀rọ CT sọ. Àyè yẹn á dójú tì í lọ́pọ̀ ìgbà ní ọdún àkọ́kọ́. Ó á kọ pé iṣan fún tó ìdá 80 nínú 100 síbi tí ó jẹ́ 50. Ó á sọ pé kò sí ẹ̀jẹ̀ dídì síbi tó wà. Ẹni tó bá ń ka àyè yẹn lálaalẹ́, ọwọ́ rẹ̀ á yàtọ̀ sí ti ẹni tó ti ń ṣe síkáànì fún ogún ọdún láìmọ ohun tó gbẹ̀yìn èsì rẹ̀. Kó máa wo ọrùn àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́sàn-án nígbà tí aláìsàn kò bá sí, kó lè mọ ohun tí ó dá kó tó mọ ohun tí ó bàjẹ́. Kó bẹ oníṣẹ́ abẹ pé kó jẹ́ kí òun wọ tíátà lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kó lọ wo iṣan tí òun ti rí lórí ẹ̀rọ pẹ̀lú ojú lásán.

Ó sì gbọ́dọ̀ kọ́ bí a ṣe ń sọ pé "n kò rí i". Orí àwọn kan le, ìró kò gba ibẹ̀ kọjá. Ikùn ẹlòmíràn kún fún afẹ́fẹ́, iṣan ńlá kò hàn. Ọwọ́ tí kò tíì dàgbà máa ń bẹ̀rù láti kọ ọ́ sínú èsì pé òun kò rí apá òsì. Á fi nọ́ńbà apá ọ̀tún bò ó mọ́lẹ̀. Àgbà máa ń kọ ọ́ gbàǹgbà, pẹ̀lú ìdí rẹ̀, kí dókítà lè wá ọ̀nà mìíràn. Ibi yìí ni wọ́n ti ń mọ ẹni tí iṣẹ́ náà ti jinná sí lára.

Ara aṣàyẹ̀wò náà ń sanwó. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 2009 láàárín àwọn oníṣẹ́ síkáànì àti àwọn aṣàyẹ̀wò iṣan, nǹkan bí 90 nínú 100 ló sọ pé ara ń ro àwọn nítorí iṣẹ́. Èjìká ni, ọrùn ni, ọrùn ọwọ́ ni. Ẹsẹ̀ kan lè gba odindi wákàtí, apá á nà gbọọrọ lórí aláìsàn tó sanra, ọwọ́ á máa tẹ̀, ojú á máa yí sí ẹ̀rọ. Ìtọ́jú rẹ̀ kò le: kí ibùsùn lè lọ sókè sódò, kí aláìsàn sún mọ́ ọn, kí ìgbọ̀nwọ́ má jìnnà sí ìhà, kó fi tímùtímù gbé apá ró, kó sì kọ́ láti fi ọwọ́ òsì ṣe é láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ọ̀gá tó ń to aláìsàn iṣan 14 sílẹ̀ fún ẹnì kan lóòjọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé èjìká ẹni náà lòun ń ná, kò sì sí ibi tí wọ́n ti ń ra òmíràn.

Láti ìgbà dé ìgbà, iṣẹ́ yìí máa ń fún ẹni tó ń ṣe é ní ohun tí owó oṣù kò lè ra. Ká padà sínú yàrá tó ṣókùnkùn yẹn. Ọdún kan ti kọjá, ọmọ náà ti ń lo hydroxyurea lójoojúmọ́. Aṣàyẹ̀wò kò kọ́kọ́ ṣí fáìlì, kí nọ́ńbà èṣí má bàa darí ọwọ́ rẹ̀. Ó wọn apá ọ̀tún lẹ́ẹ̀mejì, ó wọn òsì lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i. Èṣí, 206. Lónìí, 174. Kò tíì bọ́ sínú àwọn tí ọkàn wọn balẹ̀, wọ́n ṣì ń ṣọ́ ọ, ó sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó fún ìyá rẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n máa padà wá. Ó na ọwọ́ mú tíṣù láti nu jẹ́ẹ̀lì, ni ọmọ náà bá ní kí wọ́n dákun jẹ́ kí òun tún gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Aṣàyẹ̀wò gbé tíṣù sílẹ̀, ó gbé próòbù padà sí ẹ̀bátí rẹ̀, ó sì yí ohùn ẹ̀rọ sókè.